Ohun Tí Mo Kọ́kọ́ Sọ Lọ́dọ̀ Onílé

N kì í tètè gba ènìyàn gbọ́, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀. Irun ni mò ń ṣe jẹun, iṣẹ́ irun sì ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Tí ẹni tó ń ta wíìgì bá búra fún mi lọ́jà Onitsha pé irun ènìyàn gidi lòun ń tà, mo máa ń ní kó mú ìṣáná wá. Màá fa fọ́nrán kan yọ, màá tanná sí i. Irun gidi á jó di eérú, á máa rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó bọ́ síná. Èyí tó jẹ́ rọ́bà á yọ́, á lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń bínú kí n tó ṣá ìṣáná, n kì í dúró bá a ná ọjà rárá. Ìyá mi ló máa ń sọ pé ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn náà kí n tó dàgbà.

Nítorí náà, nígbà tí tíṣà wa ní Nkpor, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha, kọ thesis statement gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù, mo fura sí i.

Kíláàsì àwọn àgbàlagbà ni, ọjọ́ Sátidé la máa ń ṣe é. Mo fẹ́ tún ìdánwò ṣe kí n lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kí n máa lọ lópin ọ̀sẹ̀, kí n sì máa ṣe irun láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọ Íbò ni tíṣà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ̀wù rẹ̀ máa ń gún régé ju ti gbogbo wa lọ. Ó ní kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ àròkọ, kó ti mọ kókó ohun tó fẹ́ jà fún, kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, kó sì sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun tí ènìyàn bá kọ́kọ́ sọ ni wọn yóò gbà pé ó wá sọ.

Mo na ọwọ́ sókè. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá já wọ inú ọ̀rọ̀ láìkí ará ilé, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tó bá sì ti mọ ibi tí ẹjọ́ máa já sí kí ẹnu ẹnìkejì tó là, òun là ń pè ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

“Sir,” mo ní, “who dey talk judgment before e hear case?”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dáhùn. “Madam, no be judgment. Na wetin you carry come court. And e must be something wey another person fit say, no, e no be so. ‘Rain dey fall’ no be thesis. Everybody fit look window.”

Ó wá fi ìbéèrè kan lé e tí n kò fẹ́ràn rárá. Ó ní lẹ́yìn tí a bá ti mú kókó wa, kí a bi ara wa pé: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí màá fi gbà pé irọ́ ni mò ń pa? Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀gbẹ́ni yìí kò tíì bá èèyàn ja iyàn rí láyé ẹ̀. Ta ló ń gbé ọ̀kọ̀ fún ọ̀tá?

Síbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ náà kò fi mí sílẹ̀. Tí oníbàárà kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń jókòó kó wọn wá sí èdè wa. Òótọ́. Òdodo. Ẹ̀rí. Àwáwí. Àwíjàre. Mo rí i pé àwíjàre àti ẹ̀rí jọ ara wọn bí wíìgì àti irun gidi. Méjèèjì ló ń dán lójú. Àfi kí ènìyàn ṣá ìṣáná.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ògiri dé.

Àdúgbò Woliwo ní Onitsha ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ògiri kan ṣoṣo ló sì pààlà láàárín èmi àti Màmá. Mo ń pè é ní Màmá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí mi. Aláṣọ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Ó ti pẹ́ ní Onitsha débi pé tó bá ń fi Íbò ná ọjà, ilà ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó ń sọ ibi tó ti wá. Ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dé sí nígbà tí mo ti ilé wá. Òun ló kọ́ mi pé kí n máa kí aládùúgbò ní “ndeewo”, òun náà ló sì kọ́ mi pé ìlú onílùú kì í gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ ọmọ. Kí n kúnlẹ̀ fún àgbà níbikíbi, ó ní, ìbáà jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Tí mo bá gbàgbé, á fa etí mi. Òun ló gbàdúrà lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Nínú ọyẹ́, tí ètè gbogbo ènìyàn ń bó, ni ògiri wa bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó kọ́kọ́ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà ó ń gùn lọ sókè. Ankara tí Màmá tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìdì kan wọlé wá bá mi.

“Wo ohun tí omi irun rẹ fi ọjà mi ṣe.”

“Mà, inú páìpù ni omi mi ń gbà lọ sí gọ́tà.”

“Ta ló tún ń da omi níbí? Ṣé èmi tí mò ń ta aṣọ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ohun tó sì bí mi nínú gan-an nìyẹn. Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí mo gbọ́ pé ó ti fi tó onílé létí. Onílé ránṣẹ́ pé kí àwa méjèèjì wá sí ilé òun ní Trans-Nkisi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà yẹn. Ó ní ẹni tó bá ń ba ilé òun jẹ́ yóò kó jáde. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù ní Woliwo kì í ṣófo, ẹni tó bá sì kó jáde lónìí, ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́ kó tó di ọ̀la. Ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà mi mọ̀ mí sí. Mi ò ní ibòmíràn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ ara mi. Ọmọbìnrin Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ aṣọ rírán, ó ń wá ṣọ́ọ̀bù. Àhà! Kókó mi ti dé: Màmá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù mi fún ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí wọ́n ṣe tí kò di ẹ̀rí lójú mi. Bí ọmọ náà bá kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, mo ní ó ń wo ibi tó máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Bí kò bá kí mi, mo ní ìtìjú ló ń ṣe é. Màmá wo òkè àjà mi lọ́jọ́ kan, n kò sun oorun ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo tún fura sí onílé, nítorí páìpù tó ń gbé omi bọ́ọ̀hóòlù rẹ̀ lọ sínú táǹkì òkè gba inú ògiri yẹn kan náà, kò sì sí onílé tó fẹ́ gbọ́ pé nǹkan ilé òun ló ń ba ilé òun jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tíṣà bá mi wọ kẹ̀kẹ́ délé. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí màá fi gbà pé èmi ni? Mo jókòó ti ìbéèrè náà. Ìdáhùn rẹ̀ wà níwájú mi, n kò kàn fẹ́ wò ó ni: tí n kò bá fọ irun ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, tí ògiri sì gbẹ, èmi ni.

Mo gbé bésìnì mi kúrò nídìí páìpù, mo da ojú rẹ̀ délẹ̀ ní igun ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìnkùlé ilé mi ni mo ti ń fọ irun oníbàárà, a ó sì jọ fẹsẹ̀ rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù, òun ti wé táwẹ́ẹ̀lì mọ́rí nínú eruku Woliwo, ó ń bú mi, èmi ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan kò padà wá mọ́. Màá wọlé láàárọ̀, màá sì fọwọ́ pa ògiri kí n tó gbálẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí ní tòótọ́. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ tó bá gbẹ, bí màá ṣe gbé ojú mi.

Kò gbẹ. Ó ń tutù sí i ni. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́yìn ilé, mo gbé etí lé ògiri, mo sì gbọ́ ọ: ṣììì, bí ẹni tó ń pòṣé tí kò dánu dúró. Mo jó níbẹ̀, èmi nìkan.

Ó yẹ kí n lọ fi ọwọ́ Màmá kan ògiri náà lójú ẹsẹ̀. N kò lọ. Mo ní tó bá mọ ẹ̀rí mi, á lọ sọ fún onílé, wọn á sì gbìmọ̀ èsì dè mí. Mo gbé ẹ̀rí mi pamọ́ di ọjọ́ ẹjọ́. Mo to gbólóhùn kókó mi bí tíṣà ṣe kọ́ wa, mo sì ń kà á níwájú dígí: “The water wey dey that wall no be my own.” Gbólóhùn kan. Ẹlòmíràn lè ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sì ní ohun tí màá fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo dé Trans-Nkisi lọ́jọ́ Àìkú náà, Màmá ti jókòó. Ìyẹn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Onílé wà lórí àga ńlá rẹ̀, ó ṣe àdúrà sí obì ní Íbò, ó pa á, ó sì yíjú sí mi pé kí n sọ̀rọ̀.

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí tíṣà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà,” mo sọ fún Màmá. Mo yí sí onílé. “Sir, abeg, no vex.”

Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá kò ní béèrè ohun tí mo ṣe lọ́wọ́ mi. Tí àgbà bá ń bínú, ọmọdé a kọ́kọ́ kúnlẹ̀, a ní ẹ má bínú, ó jẹ̀bi o, kò jẹ̀bi o. Bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé ni. Àgbà a ní, “Ó dáa, dìde, sọ tẹnu rẹ.” Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Mo dúró de “dìde” yẹn.

Onílé pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. “Ehen! Case don finish. She don beg.”

“Sir, no be so. I wan talk say the water...”

“You beg abi you no beg?”

“I beg, sir, but...”

“Person wey no do bad, wetin she dey beg for?”

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Mo sọ ti bésìnì, mo sọ ti ẹ̀rọ omi, mo sọ bí mo ṣe gbé etí lé ògiri. Mo ń sọ ọ́ ni, ó ń já obì jẹ. Àwáwí ni gbogbo rẹ̀ di létí rẹ̀. Mo wá wo Màmá. Nínú yàrá yẹn, òun nìkan ló mọ ohun tí orúnkún mi sọ. Báàgì rẹ̀ ló ń wò. Ó ń ṣí ẹnu báàgì náà, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Kò sọ nǹkan kan. Onílé ní kí n kó jáde tí oṣù bá parí.

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Òwe àwọn àgbà kò sì kúrò lọ́kàn mi: òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Bóyá nítorí ọjà Onitsha ni wọ́n ṣe pa á.

Ní Sátidé, mo rò ó fún tíṣà. Ó mi orí, ó ní, “You see? Your first sentence.” Mo gbaná jẹ. Mo ní ìkíni ni nílé wa, mo ní kó má fi ìwé rẹ̀ bú àwọn tó bí mi, mo sọ ọ́ débi pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn dìde wá wò wá. Kò bínú.

“For inside that room,” ó ní, “who know say na greeting?”

“Mama. Na she teach me.”

“Then your witness sidon there. You no call am.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ ṣọ́ọ̀bù Màmá. Mo kí i lórí ìdúró.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

Ó ń dúró de ìyókù. Ojú rẹ̀ lọ sí orúnkún mi, ó padà. “Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?”

“Rárá, mà. Wọ́n ní ẹ̀bi ni ìkúnlẹ̀.”

Ó mú aṣọ kan, ó ń ká a. “N kò purọ́ mọ́ ọ. N kò sọ nǹkan kan.”

“Ohun tí mo bá wá náà nìyẹn, mà. Ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Ṣebí àwa náà la ń pa á lówe,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti ń ga, “pé ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kì í pẹ́. Ẹ̀yin náà rí bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. Mo wá sọ fún un pé láti ọjọ́ báyìí, ẹ̀kán omi kan kò kán láti ọwọ́ mi sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, kó fọwọ́ kan ògiri. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ìdì ankara, ó kàn án, ó wo ìka rẹ̀. Ó padà sórí aṣọ tó ń ká. Mo jáde. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bí obìnrin yìí bá gbàdúrà fún mi mọ́, n kò ní ṣe àmín.

Oṣù parí. Mo tú dígí, mo so àwọn àga pọ̀, mo di bésìnì sínú ọ̀rá. Onílé wá fúnra rẹ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wa ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ̀rọ omi sì ń dún lẹ́yìn ilé. Màmá jáde wá. Bí ó ṣe máa ń kí onílé láti ọdún tí mo ti mọ̀ wọ́n, orí ìdúró ni, pẹ̀lú Íbò àti ẹ̀rín. Lọ́jọ́ yẹn, ó ká ìró rẹ̀ díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú ọkùnrin náà.

“Biko, iwe ewela gị,” ó ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Onílé fò sẹ́yìn. “Mama! Get up! Wetin happen?”

“Gịnị ka m mere?” Kí ni mo ṣe? Kò dìde. “Na wetin I dey ask you. I don kneel down, I don beg. Oya, tell me. Wetin I do?”

Onílé wò yíká bí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́.

“Na so we dey take greet big man before we talk,” Màmá ní. “This girl, na me teach am. That day for your house I know. I no talk.”

Mo sáré dì í lápá mú, nítorí kì í ṣe ohun tí ojú mi fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́: bí mo ṣe ń gbé e dìde, mò ń fura sí i. Ṣé nítorí òdodo ló ṣe kúnlẹ̀ ni, àbí ó ti rò ó pé tí mo bá kó lọ, ògiri tútù yóò ṣẹ́ kù fún òun àti ọmọ rẹ̀? N kò mọ̀. N kò bi í léèrè títí di òní, kò sì sí ìṣáná tí màá ṣá sí ọkàn ènìyàn.

Onílé na ọwọ́ sí mi fún kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò nà tán. “And you,” ó ní, “wetin you get to talk?”

Orúnkún mi tún fẹ́ kanlẹ̀. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú.

“The water wey dey that wall no be my own, sir.”

N kò kí i. N kò bẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí débi pé ọrùn mi gbóná. Ká ní ìyá mi wà níbẹ̀, ì bá gbá mi létí. Onílé wò mí, ó wo bésìnì tí mo dì sínú ọ̀rá, ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. A rí i tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, tó gbé etí lé ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan lọ.

Nígbà tó jáde, ọ̀dà ògiri tútù ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró níta bóyá wọ́n mọ púlọ́ńbà kan nítòsí. Kò na ọwọ́ mọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.